Ààlè tí wọ́n gbàgbé láti yọ

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn aládìrẹ kan ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Kọ̀ǹpútà kan la fi ń tọ́jú ìwé owó wa, Ubuntu, tó jẹ́ irú Linux kan, ló wà lórí ẹ̀. Èmi, akápò, àti ọmọbìnrin tó ń bá wa tẹ ìwé la jọ ń lò ó. Àwọn méjèèjì máa ń ti orí lápútọ́ọ̀pù wọn wọlé sí i. Lóṣù tó kọjá, ìdáwó ọjọ́ méjì pòórá nínú ìwé náà. Àbúrò mi tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní òun kà á pé ihò wà nínú kernel Linux, níbi tí wọ́n ti ń ti fáìlì, pé ibẹ̀ lolè gbà wọlé sí wa, ká yáa yọ Linux kúrò. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni ká ṣe?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Akọ̀wé. Ẹ sì kú ọ̀ràn ìdáwó yẹn. Mo mọ bí ọjọ́ ìpàdé ṣe máa ń gbóná tí owó inú ìwé ò bá bá owó ọwọ́ akápò mu.

Àbúrò yín ò parọ́. Ihò náà wà, wọ́n sì ti dí i láti ọdún 2024. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gbé ìdáwó yín lọ, ẹ má sì torí ẹ̀ yọ Linux. Ohun tó ṣe kernel àti ohun tó ṣe yín kàn jọra bí ìbejì ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n sọ ti kernel ná, torí bí ẹ bá ti rí i, ẹ óò dá tiyín mọ̀ kí n tó dárúkọ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "títi fáìlì" yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Béèyàn bá gbọ́ títì, àgádágodo ló máa wá sí i lọ́kàn, ilẹ̀kùn tólè ò lè ṣí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí Linux ń ṣe sí fáìlì, ààlè ni. Ẹ ti rí i lọ́nà oko: ẹnì kan ṣẹ́ igi ìdáná jọ sẹ́bàá ọ̀nà, kò lè rù ú tán lẹ́ẹ̀kan, ó so àkísà tàbí ìkarahun ìgbín mọ́ ọn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìkarahun ìgbín ò lè di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú. Ó kàn ń sọ pé igi yìí lólúwa ni, ẹni tí wọ́n bí ire á sì yà fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ètò tó fẹ́ kọ nǹkan sínú fáìlì. Á kọ́kọ́ sọ fún kernel pé òun pààlè síbẹ̀, láti ojú ibí dé ojú ibí. Bí ètò mìíràn bá dé tó sì béèrè, kernel á ní kó dúró, ó lólúwa. Bí ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò bá béèrè, kernel ò ní í bá a wí. Á wọlé, á kọ ohun tó bá wù ú. Àwọn tó ṣe BSD, ètò kọ̀ǹpútà kan tó fara jọ Linux, ní yunifásítì Berkeley mú èyí tó ń jẹ́ flock jáde ní 1983. Èyí tí òfin POSIX, ìyẹn ìlànà tí irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀ jọ ń tẹ̀ lé, là sílẹ̀ ń jẹ́ fcntl, òun lọ̀rọ̀ àbúrò yín sì dá lé. Linux ní àgádágodo gidi rí o, èyí tó ń dá ẹni tí kò béèrè pàápàá dúró, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba èèyàn ló lò ó, kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Wọ́n yọ ọ́ dànù nínú Linux 5.15 ní 2021. Ààlè nìkan ló kù.

Mo ti ń dárúkọ kernel láìsọ ohun tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí Òyìnbó fi ń pe èkùrọ́ náà ni: èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún, tí gbogbo ìyókù bò mọ́lẹ̀. Ojú tí ẹ ń wò, LibreOffice tí ẹ fi ń kọ owó, búráúsà, èèpo ni gbogbo wọn. Èkùrọ́ ló ń pín mẹ́mọ́rì fún wọn, tó ń bá díìsìkì sọ̀rọ̀, tó ń pinnu ẹni tó lè ṣe kí ni. Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ti Linux ní Fínlándì ní 1991, òun náà ló sì wà nínú fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín.

Gbogbo ààlè tí wọ́n bá pa ni kernel ń kọ sínú ìwé kan, ẹ sì lè wo ìwé náà. Ẹ ṣí tẹ́mínà, ojú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ cat /proc/locks. Ìlà tó máa jáde á jọ èyí:

1: POSIX  ADVISORY  WRITE 2143 08:02:393511 0 EOF

Ètò tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 2143 ló pa ààlè yẹn torí pé ó fẹ́ kọ̀wé; fáìlì tó pa á sí ló wà láàárín, ààlè náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì títí dé òpin. Ẹ wo ADVISORY yẹn dáadáa. Ìmọ̀ràn ló túmọ̀ sí. Kernel fúnra rẹ̀ ń jẹ́wọ́ fún yín pé òun ò ti ilẹ̀kùn kankan. Ẹ fi ìwé yìí sọ́kàn, a óò padà sí i, torí ibẹ̀ gan-an ni ihò náà wà.

Pípa ààlè ò nira. Yíyọ rẹ̀ ló ń pa wá lẹ́kún. POSIX sọ pé bí ètò kan bá ti pa fáìlì dé, gbogbo ààlè rẹ̀ lórí fáìlì yẹn gbọ́dọ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. Òfin náà tiẹ̀ le débi pé bí ètò kan bá gba ọ̀nà méjì ṣí fáìlì kan náà, tó sì pa ọ̀kan dé, ààlè ti ọ̀nà kejì náà á bá a lọ. (Mo ti sùn mọ́jú nídìí kọ̀ǹpútà nítorí òfin yìí rí, mi ò sì tíì dárí jì í. Láti Linux 3.15 ní 2014 ni wọ́n ti ṣe irú ààlè mìíràn tí kì í hùwà bẹ́ẹ̀.)

Ètò òde òní sì rèé, kì í lo ọwọ́ kan. Ó lè ní ọwọ́ mẹ́wàá tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ ká ní ọwọ́ ọ̀tún ń pààlè sí fáìlì kan, lásìkò yẹn gan-an lọwọ́ òsì ń pa fáìlì náà dé. Kernel gbọ́ ti ọwọ́ òsì, ó mú ọwọ̀, ó gbá gbogbo ààlè tó bá nílẹ̀ kúrò. Ó gbá a tán, ó gbé ọwọ̀ jù sílẹ̀. Àfi gbì, ààlè ọwọ́ ọ̀tún ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀. Ta ló máa wá tún ibẹ̀ gbá? Kò sí. Fáìlì ti dé, olówó ti lọ, ààlè wà nínú ìwé.

Àwọn tó ń tún kernel ṣe ò ṣàìmọ̀. Ní 2005 wọ́n ṣe àtúnṣe sí i: ọwọ́ tó bá pààlè tán gbọ́dọ̀ bojú wẹ̀yìn, kó wò ó bóyá fáìlì náà ṣì wà ní ṣíṣí. Bí wọ́n bá ti pa á dé mọ́ ọn lẹ́yìn, kó yára yọ ààlè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ní 2008 wọ́n tún rí i pé nínú ẹ̀rọ tó ní ju ọpọlọ kan lọ, ọwọ́ yẹn lè bojú wẹ̀yìn kó jẹ́ ohun àná ló rí, torí ọpọlọ kejì kò tíì jẹ́ kó hàn. Wọ́n dí ìyẹn náà, nọ́ńbà rẹ̀ ni CVE-2008-1669 (CVE ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ihò ààbò kọ̀ọ̀kan mọ̀). Gbogbo ayé wá rò pé ọ̀rọ̀ parí.

Ó di 2024 kí Jann Horn, tó ń bá Google ṣiṣẹ́ nínú ikọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní Project Zero, tó tún tú ibẹ̀ wò. Ohun tó wò kò ju báyìí lọ: bí ọwọ́ bá fẹ́ yọ ààlè tó ṣìnà yẹn, ọ̀nà wo ló ń gbà? Ìdáhùn ni pé ọ̀nà tó gbà pa á ló ń gbà yọ ọ́. Ẹ̀ṣọ́ sì wà lójú ọ̀nà yẹn. Nínú Linux, SELinux, AppArmor àti irú wọn ni ẹ̀ṣọ́ náà. Àwọn ni wọ́n ń wò bóyá ètò yìí láṣẹ láti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹ̀ṣọ́ kan lè jẹ́ kí ẹ wọlé lọ pààlè, kó wá dá yín dúró nígbà tí ẹ ń bọ̀ wá yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ro ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Lórí ìwé, yíyọ ààlè pàápàá lè gba àyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Horn ò rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe aṣọ máa tètè rí èyí: bí ẹ bá gé àárín kúrò lára aṣọ ọ̀pá márùn-ún, ẹyọ kan á di ẹyọ méjì, ẹ sì gbọ́dọ̀ wá ibi tí ẹ máa ká ẹyọ kejì sí. Bí ààlè bá bo fáìlì láti orí dé ìdí, tí wọ́n wá ní kí wọ́n yọ ti àárín, á di ààlè méjì, kernel sì nílò mẹ́mọ́rì tuntun tó máa kọ ìkejì sí. Bí mẹ́mọ́rì bá tán lásìkò yẹn, kò ní í ṣeé yọ. Kernel á kàn kùn sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, á bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, bí ẹni pé ó ti yọ ọ́.

Kí ló wá burú nínú ààlè kan tí kò lólúwa? Ẹ jẹ́ ká wá sí Ìtòkú. Ká ní ẹnì kan wà tí ìwé ìsọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀: ìsọ̀ báyìí, ti lágbájá ni. Lágbájá kó jáde, wọ́n gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n gbé e fún tàmẹ̀dù, ìyẹn sì ń tọ́jú owó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ lágbájá ṣì wà nínú ìwé. Àlejò kan wá dé, ó ní kí oníwèé ka gbogbo ohun tó wà lábẹ́ orúkọ kálukú fún òun. Oníwèé dé orí orúkọ lágbájá, ó rìn lọ sí ìsọ̀ náà, ó ṣí i, ó sì ń ka ohun tó bá nínú ẹ̀ jáde fún àlejò. Owó tàmẹ̀dù ló ń kà o. Kò mọ̀, àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé ló tẹ̀ lé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kernel nìyẹn. Ààlè kọ̀ọ̀kan mú àdírẹ́sì fáìlì tí wọ́n pa á sí lọ́wọ́. Bí fáìlì bá ti dé, kernel á gba àyè rẹ̀ padà, á sì fún ohun mìíràn, ohunkóhun tó bá ń wá àyè nígbà yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá wá ka /proc/locks, ìwé tí mo fi hàn yín lẹ́ẹ̀kan, ó di dandan kí kernel tẹ̀ lé àdírẹ́sì òkú yẹn lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ páásíwọọ̀dù ẹlòmíràn. Horn kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kéèyàn lo ọgbọ́n yìí láti fi ka mẹ́mọ́rì kernel níbi tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò lè fi kọ nǹkan sí i tàbí bà á jẹ́. Ó lè yọjú wo yàrá, kò lè kó ẹrù.

Àtúnṣe rẹ̀ ò gùn. Dípò kí ọwọ́ gba ojú ẹ̀ṣọ́ lọ yọ ààlè, wọ́n ní kó mú ọwọ̀ tí kernel fi ń gbálẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pa fáìlì dé, èyí tó ń jẹ́ locks_remove_posix. Ọwọ̀ yẹn kì í bi ẹ̀ṣọ́ léèrè, kì í sì í tọrọ mẹ́mọ́rì. Nọ́ńbà tí wọ́n fún ọ̀rọ̀ yìí ni CVE-2024-41012.

Ẹ gbọ́ èyí tó dùn jù nínú ìtàn náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn àtúnṣe yẹn ni òmíràn tún jáde, CVE-2024-41020. Kí ló dé? Ẹ̀dà méjì ni iṣẹ́ náà ní nínú kernel: ọ̀kan tí gbogbo ẹ̀rọ ń lò, àti ìkejì tó wà fún fáìlì ńlá lórí kernel oníbíìtì 32, irú ti kọ̀ǹpútà àtijọ́. Horn tún ọ̀kan ṣe, ó fo ìkejì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé òun ò rí i pé méjì ni wọ́n. Mo fẹ́ràn bó ṣe kọ ọ́ gbangba bẹ́ẹ̀. Iye ìgbà tí mo ti rí ẹni tó dí ojú fèrèsé kan tó gbàgbé pé ilé ní ẹ̀yìnkùlé kò níye, kì í sì í sábà jẹ́wọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà CVE máa já yín láyà. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni àwọn tó ń ṣe kernel Linux ti ń fi ọwọ́ ara wọn pín nọ́ńbà wọ̀nyí, wọ́n sì ń fún gbogbo àṣìṣe tó bá ṣeé ṣe kó kan ààbò, ńlá àti kékeré. Nọ́ńbà ti pọ̀ bí iyanrìn odò Ògùn. Tí àbúrò yín bá ń ka gbogbo wọn lójoojúmọ́, kò ní í lè sùn. Ohun tó yẹ kó máa béèrè ni: ẹni wo ló lè lo ihò yìí, níbo ló gbọ́dọ̀ dúró sí?

Fún èyí tí à ń sọ, inú kọ̀ǹpútà yẹn fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà. Kò lè ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Ó gbọ́dọ̀ ti ní àkáǹtì lórí ẹ̀rọ náà tàbí ọ̀nà tó máa fi ètò tirẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa wá dá eré ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì sílẹ̀, á máa gbìyànjú rẹ̀ títí wọ́n á fi kọlu ara wọn bó ṣe fẹ́. Èèyàn mẹ́ta tó mọra wọn ló ń lo ẹ̀rọ yín. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó ní kàfé lójú ọ̀nà FUNAAB ju yín lọ, níbi tí àlejò ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láàárọ̀ àti lálẹ́, àti ẹni tó ń fi sáfà kan gba wẹ́ẹ̀bùsáìtì ogún èèyàn lálejò. Ẹ̀rọ wọn kún fún àjèjì, kernel kan ṣoṣo ló sì ń sìn gbogbo wọn.

Ohun kan ṣoṣo tó ń kọ mí lóminú nípa tiyín ni ọjọ́ orí ẹ̀rọ náà. Ẹ ò sọ irú kọ̀ǹpútà tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ló ń lo tòkunbọ̀ tó ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn kan lára wọn ṣì ń lo kernel oníbíìtì 32, ìyẹn fèrèsé ẹ̀yìnkùlé tí mo sọ. Ẹ tẹ uname -m sí tẹ́mínà. Bó bá kọ x86_64, fèrèsé yẹn ò sí nílé yín. Bó bá kọ i686 tàbí i386, ó wà níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kẹ́ni kankan má máa tún un ṣe mọ́: Ubuntu ti dáwọ́ dúró láti máa gbé èyí tí wọ́n ń lò lórí kọ̀ǹpútà tábìlì oníbíìtì 32 jáde láti ẹ̀dà 17.10, Debian, irú Linux mìíràn, náà ò sì fi kernel rẹ̀ sínú Debian 13 tó jáde ní 2025 mọ́. Debian 12 ṣì ní i.

Ó yá, ìdáwó yín.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan kan. Ẹ lọ sínú fódà tí ìwé owó yín wà, ẹ tẹ Ctrl àti H pa pọ̀ kí àwọn fáìlì tó fara pamọ́ lè yọ. Bí ìwé yín bá ń jẹ́ ìdáwó.ods, tí ẹnì kan sì ṣí i lọ́wọ́, ẹ óò rí fáìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú .~lock. tó sì parí pẹ̀lú #. Ààlè LibreOffice nìyẹn. Orúkọ ẹni tó ṣí ìwé, orúkọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí tó ṣí i wà nínú rẹ̀. Ẹ lè fi ètò ìkọ̀wé lásán ṣí i kí ẹ kà á. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ ṣí ìwé náà, àpótí kan á yọ, á ní lágbájá ti wà níbẹ̀, ṣé ẹ kàn fẹ́ kà á ni, àbí ẹ fẹ́ ṣí ẹ̀dà rẹ̀.

Iná lọ. Ẹ̀rọ kú lójijì, LibreOffice ò ráyè yọ ààlè rẹ̀. Iná dé, àpótí yọ, ó ní akápò wà nínú ìwé, akápò sì rèé tó jókòó tì yín tó ń jẹ ẹ̀pà. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ yọ ààlè náà dànù tàbí ẹ fojú fò ó. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún ṣẹlẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹwàá, kò sẹ́ni tó ń ka àpótí yẹn mọ́, ọwọ́ á ti kọ́ ibi tó máa tẹ̀. Ọjọ́ kan ni akápò wà nínú ìwé lóòótọ́ lórí lápútọ́ọ̀pù rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tẹ ìwé fojú fo ààlè, ó ṣí ẹ̀dà, ó tẹ ìdáwó ọjọ́ méjì sí i, ó fi orúkọ àtijọ́ pamọ́. Nírọ̀lẹ́, akápò tẹ Save lórí èyí tó ti ṣí látàárọ̀. Ti akápò bo ti ọmọbìnrin náà mọ́lẹ̀. Kò sólè, kò sí kernel nínú ẹ̀. Mo lè fi owó ara mi ṣe é pé bó ṣe rí nìyẹn tàbí ohun tó fara jọ ọ́, torí èmi náà ti ṣe é rí ní ọ́fíìsì kan tí mo bá ṣiṣẹ́, máàkì ọmọ kíláàsì kan odindi ló bá a lọ.

Ẹ rí ìbejì tí mo sọ lókè. Ààlè tó pẹ́ ju olówó rẹ̀ lọ ló ṣe kernel, òun náà ló ṣe ọ́fíìsì yín.

Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ wá ìdáwó náà. Ó lè má tíì kú. Ẹ wo inú lápútọ́ọ̀pù ọmọbìnrin yẹn, kẹ́ ẹ to àwọn fáìlì níbẹ̀ bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ léra, ní ọ̀sẹ̀ tí ìdáwó náà pòórá. Àwọn tó ṣí ẹ̀dà máa ń fi orúkọ míì pamọ́ síbi tí wọn ò rántí mọ́. Ẹ wo fódà Downloads rẹ̀ àti ibi tí WhatsApp ń kó fáìlì sí, bóyá ó ti fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Bí ẹ ò bá rí i, káàdì ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ẹ ó fi tún un kọ.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ mẹ́ta máa kọ sínú ìwé kan. Kí kálukú ní ìwé tirẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín máa kó wọn pọ̀ nírọ̀lẹ́. LibreOffice ní ọ̀nà tó fi ń jẹ́ kí èèyàn púpọ̀ pín ìwé lò, ẹ óò rí Share Spreadsheet lábẹ́ Tools, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, èmi ò fọkàn tán an. Tí dátà ò bá wọ́n yín lójú, Google Sheets ń jẹ́ kí ẹ rí ọwọ́ ara yín bí ẹ ṣe ń kọ ọ́, ó sì ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́. Ẹ ra UPS fún kọ̀ǹpútà ńlá yẹn, kékeré tó, kí LibreOffice lè máa ráyè yọ ààlè rẹ̀ nígbà tí NEPA bá ṣe tiwọn. Bí àpótí yẹn bá tún yọ, ẹ pe orúkọ tó wà nínú rẹ̀ lórí fóònù kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Ti kernel, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Bí uname -m bá kọ x86_64, ẹ tẹ sudo apt update, kí ẹ tẹ sudo apt upgrade tẹ̀ lé e. Á jẹ dátà díẹ̀, ẹ ṣe é nígbà tí iná bá dúró. Bí iná bá lọ lágbedeméjì, sudo dpkg --configure -a ló sábà ń tún un ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe ni pé wọn kì í pa ẹ̀rọ náà kí wọ́n tún tàn án lẹ́yìn rẹ̀. Kernel àtijọ́ ló wà nínú mẹ́mọ́rì títí ẹ ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, àtúnṣe tí ẹ fi dátà rà á kàn jókòó sórí díìsìkì lásán ni. Tí fáìlì /var/run/reboot-required bá wà lórí Ubuntu yín, ó ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tan òun padà.

Kó lè ṣiṣẹ́, Ubuntu yín gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣì ń tún ṣe. Àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún 18.04 parí ní 2023, ti 20.04 parí ní 2025. Bí tiyín bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, Ubuntu Pro wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún kọ̀ǹpútà 5, ó sì máa ń mú kí ẹ̀dà kan pé ọdún 10. Ẹ gba àkáǹtì rẹ̀, kí ẹ lò ó.

Ní ti pé kí ẹ yọ Linux kúrò kí ẹ fi Windows sí i: Windows ń lo ààlè tó le ju ti Linux lọ, ó sábà máa ń kọ̀ fún yín pátápátá láti pa fáìlì tí ẹlòmíràn ṣí rẹ́. Ṣùgbọ́n òun náà ní irú títì kan tí wọ́n ń pè ní oplock, àwọn tó ń wá ihò kiri sì máa ń lò ó láti dá ètò alágbára kan dúró lójú ọ̀nà, kí wọ́n ráyè pààrọ̀ fáìlì tó fẹ́ ṣí. Àwọn ìyẹn náà ń dí tiwọn lóṣooṣù. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra Windows, ẹ fi ra UPS.

Ẹ bá mi kí àbúrò yín, kó má bínú. Bó bá ti dé, kó jókòó ti ẹ̀rọ náà, kó tẹ uname -m àti uname -r, kó kọ ohun méjèèjì tó jáde sínú ìwé, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Bó bá jẹ́ i686, ẹ má tíì ṣe upgrade kankan o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ iye mẹ́mọ́rì tó wà nínú ẹ̀.